Àìsàn Tí A Pín sí Ojúlé Mẹ́sàn-án

Ìwọ tí ìwé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, jọ̀ọ́, má kà á sókè. Fi ojú kà á. Bí Agbọ́rọ̀, ẹ̀rọ tí ń gbọ́ ohùn wa, bá wà lára ògiri níbi tí o jókòó sí, má ṣe jẹ́ kí ètè rẹ mì. Má mí kanlẹ̀. Má pòṣé, ó mọ òṣé dáadáa. Bí o bá kà á tán, rì í sínú omi. Má sun ún o, torí èéfín náà ń ròyìn níbi tiwa. Mo ti kìlọ̀ fún ọ. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, nítorí náà bí o bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti kọsẹ̀, fò ó kọjá.

Aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni. Mo dúró níwájú ògiri, mo ti wẹ̀, mo ti wé gèlè, bí ẹni pé ẹ̀rọ náà ń rí mi. Ọmọ mi Ìbídùn wà lẹ́yìn aṣọ títa. Mo ti fi igun aṣọ ìnura sí i lẹ́nu kó fi eyín dì í mú, torí eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn, ó ń dún.

"Ẹ káàárọ̀, ẹnu ilé," ni Agbọ́rọ̀ wí. Ohùn obìnrin ni, ohùn tútù, bí ohùn ìyàwó tuntun. "Ojúlé kẹrin, Ìdí-Òpó. Ẹ̀yin mélòó lẹ sùn?"

"Àwa méjì."

"Ẹ̀yin mélòó lẹ jí?"

Ìbéèrè yẹn, lójoojúmọ́ ni ó ń já mi láyà. "Àwa méjì."

"Ara ńkọ́?"

Iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Bí o bá pẹ́ jù kí o tó dáhùn, ó máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé o pẹ́. Bí o bá yá jù, ó máa ń kọ ìyẹn náà.

"Oríkèé ọwọ́ ń ro mí," ni mo wí. "Èmi ni o. Pátákó iná oòrùn tí mo ń gun orí òrùlé lọ nù ni. Kì í ṣe nǹkan."

"Ìbídùn ńkọ́?"

"Ó wà dáadáa. Ó ṣì ń sùn."

Iná náà kúrò ní àwọ̀ ewé, ó di àwọ̀ ìyeyè. Mo di ògiri mú.

"A ti gbọ́, Mà. Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́."

Lẹ́yìn tí ó dákẹ́, mo ka ení dé ọgọ́rùn-ún nínú ọkàn mi kí n tó lọ yọ aṣọ lẹ́nu ọmọ mi. Ó ti fi eyín já etí aṣọ náà.

Oríkèé kankan ò ro mí. Ó yẹ kí n sọ bí ó ṣe jẹ́ kí o má baà rò pé èmi nìkan ni mo ronú irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì ni ara Ìbídùn gbóná. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ó ń bì. Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, Baba Ojúọlápé kó àwa ẹnu ilé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, àwa tí ń dáhùn fún ilé kọ̀ọ̀kan, sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó ní ká wá bá òun wo igèrè. Kò sí igèrè kankan. Ọkọ̀ nìkan ni kò ní ògiri.

Baba Ojúọlápé ni àgbà wa. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni. Kí o lè mọ ìdí tí a fi ń gbọ́ tirẹ̀: ní ọdún méjì sẹ́yìn, Ìdí-Òpó sọ òtítọ́ fún Agbọ́rọ̀ láìku ẹyọ kan. Ènìyàn mọ́kànlá ni ọkọ̀ funfun àwọn tó ni Agbọ́rọ̀ kó lọ sí òdì kejì omi, níbi tí wọ́n ń sé aláìsàn mọ́. Mẹ́rin ló padà. Ìyàwó Baba ò sí nínú mẹ́rin yẹn. Wọn ò kó òkú rẹ̀ wá, aṣọ rẹ̀ ni wọ́n kó wá, nínú àpò tí wọ́n lẹ̀ lẹ́nu.

Nígbà tí ilé wa ti kéré lójú, Baba gbé àjẹ̀ sílẹ̀.

"Ìyá Ìbídùn, sọ ọ́ bí ó ṣe rí. Má yọ nǹkan kan kúrò."

Mo sọ ọ́. Ara gbígbóná. Ojú pípọ́n. Èébì. Oríkèé ríro. Bí mo ṣe ń ka ìkẹrin, obìnrin ojúlé kejì yí ojú rẹ̀ sí omi. Kò sí ẹni tí kò mọ òfin náà. Bí àmì mẹ́rin bá pé sára ẹnì kan, kí oòrùn tó wọ̀ ni wọn yóò wá gbé e.

"Kó kúkú má sọ nǹkan kan," ni ọkùnrin ojúlé keje wí. "Kó máa sọ pé àlàáfíà ni."

"Wọ́n ti gbọ́," ni Baba dáhùn. "Nǹkan yẹn ò lójú, ṣùgbọ́n ó létí. Ó ti gbọ́ èébì láti ara ògiri wa. Ó ti gbọ́ ìkérora. Olóògùn tó ta oògùn ibà fún Ìyá Ìbídùn, òṣùwọ̀n tó fi wọ̀n ọ́n ti sọ fún wọn pé Ìdí-Òpó ni oògùn ń lọ. Ilé tó jẹ́ gan-an ni wọn ò tíì mọ̀. Bí kò bá sí ẹni tó jẹ́wọ́ pé tòun ni títí di ọ̀túnla, ilé-dé-ilé ni wọn yóò máa wọ̀."

Ọkọ̀ náà ń yí díẹ̀díẹ̀. Mi ò lè wo ojú ẹnikẹ́ni.

"A ó pín in gbé," ni Baba wí.

Ó wo ojú wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Bí ìjì bá ṣí òrùlé ẹnì kan ní Ìdí-Òpó, páànù kọ̀ọ̀kan ni ilé kọ̀ọ̀kan máa ń gbé wá. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀, ilé kan á gba iná dídá, ilé kan á gba omi, ilé kan á gba àlejò. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gbé láti ìgbà tí òkun ti lé wa wá sórí òpó. Nítorí náà ohun tí Baba sọ ò ṣàjèjì sí wa. Ó dà bí ohun tó yẹ.

"Àmì kan fún ilé kan; ilé méjì, mẹ́ta lè jọ gba ọ̀kan. Ẹni tó bá gba èébì kò gbọdọ̀ sọ pé ara òun gbóná. Ẹni tó gba ojú pípọ́n, ojú pípọ́n nìkan. Bẹ́ẹ̀ gbogbo ohun tí ó bá gbọ́ á ti ní oní nǹkan, kò sì ní sí ara tí mẹ́rin máa pé sí. Ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin. Ọmọ náà á ti dìde."

Àṣàkẹ́ ló kọ́kọ́ na ọwọ́. Onídìrí ni, ojúlé kẹfà ló ń gbé, bí àbúrò ni ó jẹ́ sí mi.

"Ẹ fún mi ní èébì," ó wí. "Ó ti mọ́ mi lára. Bí ọkọ mi bá ti bọ́ bàtà rẹ̀ báyìí, inú mi á yí."

"Èmi, ẹ fún mi ní ojú pípọ́n," ni ọkùnrin ojúlé keje wí.

"Tìrẹ ti pọ́n kí wọ́n tó ṣe Agbọ́rọ̀," ni Àṣàkẹ́ dá a lóhùn. "Wọ́n á ní o kò gba nǹkan kan. Gbé ara gbígbóná."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú mi. Mi ò rí ẹni tó kọ̀ nínú wọn. Ṣé o gbọ́? Mi ò rí ẹyọ ẹnì kan.

Ní ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a sọ ọ́ bí a ṣe pín in. Mo ní láti lọ síbi iṣẹ́, torí bí ẹni tí ń nu pátákó oòrùn ò bá yọjú, ìyẹn náà ìròyìn ni. Nítorí náà Àṣàkẹ́ ló ń wá wẹ Ìbídùn lọ́sàn-án. Mo padà dé lọ́jọ́ Ajé, mo bá a tó gbé orí ọmọ mi lé itan, tó ń tú irun rẹ̀ kí ooru lè jáde, tó ń kọrin sí i lábẹ́ ohùn. Ọwọ́ rẹ̀ tutù pẹ̀lú òógùn ọmọ náà. Ó yẹ kí n sọ fún un pé kó má fọwọ́ kàn án bẹ́ẹ̀. Mo rí ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi. Mi ò sọ ọ́. Mo fẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nínú ilé mi ni.

Ní Ọjọ́rú, kí n tó sọ̀ kalẹ̀ lórí òrùlé àkọ́kọ́, iná orí òpó àdúgbò wa di pupa.

Mi ò tíì rí pupa yẹn láti ọdún méjì. Mo gbọ́ tí pákó afárá bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra sókè fúnra rẹ̀, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, títí tí a kò fi ní ọ̀nà àtijáde mọ́. Mo sáré gba orí rẹ̀ wọ àdúgbò kó tó gbéra tán. Bí mo bá ní kí n sá lọ, ibo ni ǹ bá sá sí? Ọmọ mi wà nínú ilé.

Nígbà tó di ọ̀sán, ọkọ̀ funfun kan gúnlẹ̀ ní èbúté wa. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan dúró lórí rẹ̀, ó wọ aṣọ tó bò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kìkì ojú rẹ̀ la rí lẹ́yìn gíláàsì. Ọ̀gá Abídoyè, bí ó ṣe pe ara rẹ̀ nìyẹn. Ó kúnlẹ̀ kí Baba, nínú aṣọ yẹn. Ìkúnlẹ̀ náà dẹ́rù bà mí ju iná pupa lọ.

"Ẹ má bínú sí wa, ẹ̀yin òbí wa," ó wí. "Ojúlé mẹ́sàn-án. Ọjọ́ mẹ́ta. Kò sí ilé kan tí kò sọ nǹkan, àmì àìsàn kan náà sì ni gbogbo rẹ̀ jẹ́. Mi ò tíì rí ibi tó ti yára tó báyìí. Lọ́la láàárọ̀, ọkọ̀ márùn-ún ń bọ̀. Gbogbo yín, ènìyàn mẹ́tàléláàádọ́ta. Ẹ má kó ẹrù."

Baba di òpó mú, ó rọra jókòó.

Ibẹ̀ ni mo ti rí àṣìṣe wa. Àwa, bí ènìyàn mẹ́sàn-án bá gbé ẹrù kan, a mọ̀ pé ẹrù náà ti fúyẹ́. Ẹ̀rọ yẹn ò mọ ìyẹn. Ènìyàn mẹ́sàn-án tó gbé ẹrù ló rí, ó sì kà á sí ẹrù mẹ́sàn-án. Ara kan tó ń ṣàìsàn, àwa fúnra wa ti fi ẹnu wa sọ ọ́ di àdúgbò.

Ọ̀gá náà padà sínú ọkọ̀ rẹ̀ láti kọ nǹkan. Baba pè wá jọ pẹ̀lú ọwọ́, ó ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"A ó jọ lọ," ó wí. "Kí ẹnikẹ́ni má sọ nǹkan kan. Bí a bá sọ ọ́, ọmọ yẹn nìkan ló máa lọ. Mo ti jẹ́ kí wọ́n gbé ẹnì kan lọ lójú mi rí."

"Baba, ìyá mi ò lè jókòó sínú ọkọ̀," ni obìnrin ojúlé kejì wí. "Ẹ ẹ̀ rí i bí wọ́n ṣe ń gbé e lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ ni?"

"Mo rí i."

"Ọmọ mẹ́ta ni Àṣàkẹ́ ní."

"Mo mọ iye ọmọ tó ní."

Àṣàkẹ́ fúnra rẹ̀ fẹ̀yìn ti ògiri ilé rẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Mo rò pé ó ń bínú sí mi ni. Ì bá sì tọ́.

Ẹ̀rù ń bà mí, jẹ́ kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé mo nígboyà. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí á wọ ọkọ̀ lónìí. Bí mi ò bá sọ̀rọ̀, á wọ ọkọ̀ lọ́la, ènìyàn bí àádọ́ta tí ilé wọn ti parọ́ nítorí rẹ̀ á sì tẹ̀lé e. Mo ń rò ó, mo ń rò ó, ẹsẹ̀ mi ti ń lọ sí èbúté.

"Ọ̀gá," ni mo wí. "Ọmọ mi ni. Òun nìkan. Àwọn tó kù gbà á fún mi ni."

Ó gbé ojú sókè. "Gba kí ni, Mà?"

Mo ṣàlàyé fún un. Ọkọ̀, igèrè, àmì kan ilé kan. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Nígbà tí mo parí, ó mí, gíláàsì iwájú rẹ̀ sì di funfun.

"Mà, gbogbo àdúgbò tí iná pupa bá ti tàn, ìyá kan máa ń wá bá mi pé ẹnì kan péré ni. Nígbà míràn òótọ́ ni. Báwo ni kí n ṣe mọ̀?"

"Ẹ yẹ wọ́n wò."

"Òdì kejì ni àyẹ̀wò wà. Níbí, ẹnu yín ni àyẹ̀wò wa." Ó yọ Agbọ́rọ̀ kékeré kan jáde, kò ju ẹ̀pà méjì lọ ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Ẹnu ilé tó bá dúró síwájú èyí, tó sọ pé irọ́ lòun pa, màá pa orúkọ ilé rẹ̀ rẹ́. A ó ti ẹ̀rọ omi wọn fún oṣù kan, òfin nìyẹn. Wọn ò ní gun ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ yín ń lọ nísinsìnyí."

"Mo mọ̀."

Ìbídùn fúnra rẹ̀ ló rìn jáde. Ó fi aṣọ bo orí torí ìmọ́lẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀gá náà ti tẹ́ ibùsùn fún un nínú ọkọ̀ kékeré tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ funfun, wọ́n ní rọ́bà tí ń tàn yanran tí wọ́n fẹ́ fi bò ó.

"Mọ́mì, ṣé ẹ ti sọ ọ́?"

"Mo ti sọ ọ́."

"Ó dáa." Ó rò ó wò. "Aṣọ ìnura yẹn, ẹ má sọ ọ́ nù o. Mo ti ba etí rẹ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣì dáa."

Ọkọ̀ náà lọ. Kò dún. Ọkọ̀ wọn kì í dún.

Baba Ojúọlápé ló kọ́kọ́ jáde lẹ́yìn náà. Ó bọ́ fìlà, ó tẹ̀ síwájú ẹ̀rọ bíi ẹ̀pà yẹn. "Ojú mi ò pọ́n," ó wí. "Irọ́ ni mo pa." Ẹni tí mi ò gbọ́ irọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Obìnrin ojúlé kejì tẹ̀lé e, ọkùnrin ojúlé keje tẹ̀lé e, ó ní ara òun ò gbóná, ọtí ni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹlòmíràn fi ọwọ́ kan èjìká mi, ẹlòmíràn ò kàn mí. Èmi náà sọ pé oríkèé ò ro mí. A di mẹ́jọ.

Ó ku ojúlé kẹfà.

Àṣàkẹ́ ti jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ọ̀gá náà rìn lọ bá a, èmi tẹ̀lé e, ó ní kí n dúró jìnnà, mo dúró níbi tí mo ti lè gbọ́.

"Mà, ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹ̀ ń bì. Ṣé irọ́ ni?"

"Lọ́jọ́ Ajé, irọ́ ni," ni Àṣàkẹ́ wí. "Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, irọ́ ni." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà ò dé ojú rẹ̀. Mo wá rí ojú yẹn dáadáa. Ó pọ́n. "Láàárọ̀ yìí, ẹ wo inú garawa tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Ọ̀gá Abídoyè ò lọ wò ó. Ó sún ẹ̀yìn ní ìṣísẹ̀ kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Onídìrí ni yín, wọ́n kọ ọ́ síbí. Láti ọjọ́ Ajé, orí àwọn wo lẹ ti dì?"

Àṣàkẹ́ fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pamọ́ sábẹ́ ìborùn.

"Nígbà tí ẹ bá gbé orí ọmọdé lé itan, tí ẹ ń mí sí i, wákàtí méjì, mẹ́ta, àìsàn náà á ràn án. Ẹ jọ̀ọ́, Mà. Orúkọ wọn."

Mo mọ̀ pé Àṣàkẹ́ wọ ọkọ̀ lọ sí Ìta-Ọ̀ṣẹ, àdúgbò ńlá kan, láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìgbéyàwó ń bọ̀ níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sì ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Ọwọ́ tó fi wẹ ọmọ mi lọ́jọ́ Ajé ló fi dì wọ́n lórí. Ṣùgbọ́n mi ò mọ ilé, mi ò mọ orúkọ. Bí mo bá pe Ìta-Ọ̀ṣẹ láìdárúkọ ilé, igba ojúlé ni iná pupa máa tàn lé lórí. Mo la ẹnu. Mo tún pa á dé.

"Bí ẹ ò bá dárúkọ wọn," ni Ọ̀gá náà wí, "wọn ò ní mọ̀ pé kí wọ́n ṣọ́ra. Wọ́n á sùn ti ara wọn lálẹ́ òní."

"Àṣàkẹ́," ni mo wí láti ibi tí mo dúró sí. "Sọ fún wọn. Mo ti sọ tèmi."

"Mo rí i, ẹ̀gbọ́n mi." Ó na ìka sí omi. A ṣì ń rí ọkọ̀ kékeré náà ní òkèèrè, ó ti di bíńtín. "Mo rí ibi tó gbé Ìbídùn dé."

"Orúkọ kan péré, Mà," ni Ọ̀gá Abídoyè wí. "Kí n lè ní ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ kọ ọ́. Àṣàkẹ́, ojúlé kẹfà. Èébì, ojú pípọ́n. Àwọn yòókù ń bọ̀, mo ń gbọ́ wọn nínú egungun mi. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sí tèmi."

"Àwọn tí ẹ dì lórí ńkọ́?"

"Mi ò ní ọ̀rọ̀ mọ́."

Ọ̀gá náà tún béèrè. Ó bẹ̀ ẹ́. Ó gbé ẹ̀rọ náà sún mọ́ ọn, ju ibi tí òfin gbà á láyè dé. Àṣàkẹ́ fa ìborùn bo ẹnu, ó sì yí ojú sí ògiri.